Ìwé Àṣẹ fún Àjà Àlhájà

Àlhájà Mujeedat Fágbénró ló ni ilé oníyàrá méjìlá kan ní Olódì-Àpápá, ilé tí ọkọ rẹ̀ olóògbé kọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnìkan ti ìwé káńsù bọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó tẹ ìwé náà kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Gbogbo onile ti o ba ni aja gbodo gba iwe ase ki osu yii to pari. Aja ti ko ba ni iwe ase, kansu yoo wa gbe e lo, onile yoo si foju ba ile-ejo."

Àlhájà kò sin ajá rí láyé rẹ̀. Àjà ló ní, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn sí abẹ́ páànù láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbójú sókè wo àjà rẹ̀, oorun sì dá lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ káńsù dé. Fidelis ni orúkọ rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, orí pápá bọ́ọ̀lù ló ti kọ́ Yorùbá. Ó ń sọ ọ́ bí omi, àfi pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe òfin lẹ́nu tirẹ̀. Tó bá ti kan "aja", bó bá ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ló ń jáde.

FIDELIS: (Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú wo abẹ́ àga, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.) Ẹ káàsán, Màmá. Fidelis lorúkọ mi, láti káńsù, ẹ̀ka ìwé àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló wà?

ÀLHÁJÀ: Ibo ni kí ló wà?

FIDELIS: Aja yín.

ÀLHÁJÀ: Ibo ni àjà máa ń wà? Ó wà ní àyè rẹ̀.

FIDELIS: Ẹ ti dè é dáadáa?

ÀLHÁJÀ: Ó dúró gbọin. Kò ní bọ́ lónìí, lágbára Ọlọ́hun.

FIDELIS: (Ó fi fáìlì rẹ̀ bo àyà.) Lónìí kẹ̀? Ó ti bọ́ rí ni?

ÀLHÁJÀ: Wọlé, ọmọ mi, oòrùn ń pa ọ́. Kí ló dé tí ò ń gbọ̀n?

FIDELIS: Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣẹ́ yìí ò wù mí, káńsù ló gbé mi síbẹ̀. Ẹ̀rù aja ń bà mí láti kékeré. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò pé lónìí. Tí mi ò bá mú fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó kún délẹ̀ padà sí ọ́fíìsì, ìdí gọ́tà kíkó ni wọ́n ń dá mi padà sí. Ilé mọ́kàndínlógún ni mo ti dé. Níbi tí onílé ò bá ti lé mi, aja ló ń lé mi.

ÀLHÁJÀ: Àjà lé ọ?

FIDELIS: Títí dé Malu Road! Bàtà mi àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

ÀLHÁJÀ: (Ó wò ó títí, ó bu omi fún un.) Jókòó. Mu omi yìí tán. Oòrùn ló ń ṣe ọ́.

Fidelis mu omi tán, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó sì tún yẹ abẹ́ tábìlì náà wò kó tó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀.

FIDELIS: Ìbéèrè kìn-ín-ní. Aja mélòó ló wà nínú ilé yìí?

ÀLHÁJÀ: Tí a bá kà á ní yàrá-yàrá, méjìlá. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ṣe ìkẹtàlá.

FIDELIS: (Bírò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Mẹ́tàlá!

ÀLHÁJÀ: Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni kò ní. Tó o bá wà níbẹ̀, ojú sánmà lò ń wò.

FIDELIS: Màmá, òfin ò gbà ju méjì lọ nínú ilé kan!

ÀLHÁJÀ: Méjì? Kí àwọn tó wà ní yàrá mẹ́wàá yòókù wá máa sùn lábẹ́ kí ni?

FIDELIS: Lábẹ́... Màmá, ṣé abẹ́ aja ni wọ́n ń sùn ni?

ÀLHÁJÀ: Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn. Ìwọ ńkọ́, abẹ́ kí ni ò ń sùn?

FIDELIS: Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

ÀLHÁJÀ: (Àánú rẹ̀ ṣe é.) Yóò dáa, ọmọ mi. Ìwọ náà á ní tìrẹ láìpẹ́.

FIDELIS: Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!

ÀLHÁJÀ: Ó dáa, tí mẹ́tàlá bá pọ̀ jù lójú òfin, kọ ọ̀kan sílẹ̀. Irọ́ kọ́. Ó so kọ́ra ni, láti iwájú ilé títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan náà ni, ó kàn fẹ̀ ni.

FIDELIS: Aja kan. Láti iwájú ilé títí dé ẹ̀yìnkùlé.

ÀLHÁJÀ: Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kó tó kú.

FIDELIS: (Ohùn rẹ̀ di kékeré.) Ṣé òun ló pa wọ́n?

ÀLHÁJÀ: Òun wo? Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọkọ mi.

FIDELIS: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Èmi náà, ara mi ti ń gbóná. Ọmọ ọdún mélòó ni?

ÀLHÁJÀ: Ọkọ mi?

FIDELIS: Aja.

ÀLHÁJÀ: Ó pé ọdún mẹ́tàlélógún nínú Rámádánì tó kọjá.

FIDELIS: Ọdún mẹ́tàlélógún! Ṣé ó ṣì ń gbó?

ÀLHÁJÀ: Kí n má tàn ọ́, ó ti gbó. Ó ti gbó gidi. Igun ọ̀hún yẹn ló ti wá gbó jù.

FIDELIS: Ọ̀sán ni àbí òru?

ÀLHÁJÀ: Ohun tó bá ti gbó, ó ti gbó náà nìyẹn. Ṣé nǹkan máa ń gbó lọ́sàn-án, kó tún wá di tuntun lóru ni?

FIDELIS: (Ó ń kọ ọ́.) "Ọ̀sán... àti... òru." Irú wo ni? Ti ilẹ̀ wa ni àbí ti òyìnbó?

ÀLHÁJÀ: Ti òyìnbó pọ́ńbélé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá sí wọ́ọ̀fù. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, funfun báláú ni. Èéfín ìdáná àwọn ayálégbé ló sọ ọ́ di bó ṣe wà yìí.

FIDELIS: Ẹ kì í wẹ̀ ẹ́?

ÀLHÁJÀ: Ta ní ń da omi sára àjà? Á wú, á tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á já lulẹ̀. Ọ̀dà la máa ń kùn ún, tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

FIDELIS: Ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára ògiri?

ÀLHÁJÀ: Òun gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń kùn ún, kó lè dán.

FIDELIS: Chai! Ta ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀?

ÀLHÁJÀ: Timothy ni, ará Amúkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé wa, ó gùn jù, Timothy bá fi ayùn gé e.

FIDELIS: (Ó dìde dúró.) Ó fi ayùn gé aja!

ÀLHÁJÀ: Díẹ̀ náà ni. Ó wá kúrú jù. Ó bá gé òmíràn, ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọn ò bá sọ fún ọ, o ò lè mọ ojú ibẹ̀.

FIDELIS: Irú dókítà wo nìyẹn?

ÀLHÁJÀ: Timothy kì í ṣe dókítà, káfíńtà ni.

Fidelis rọra jókòó padà. Trélà kan fun fèrè ní ọ̀nà jíjìn, ó sì fò bí ẹni tí wọ́n gún ní nǹkan.

FIDELIS: Ó ku ìbéèrè mẹ́ta, Màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ rọra dáhùn. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́?

ÀLHÁJÀ: Kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe fún un? Ìṣó ló gbà. Ìṣó íńsì méjì. Ó lé ní igba.

FIDELIS: Ẹ kan igba ìṣó mọ́ ọn lára! Kò pariwo?

ÀLHÁJÀ: Ariwo wo ni kò pa? Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí a kàn án tán, ó dákẹ́.

FIDELIS: Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́! Ṣé ó máa ń da ìdọ̀tí sí agbègbè?

ÀLHÁJÀ: Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Igun tí mo fi hàn ọ́ yẹn, omi ń kán níbẹ̀ sórí ẹní tí mo fi ń kírun. Tẹ́lẹ̀, àsìkò òjò nìkan ni. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, òjò ò rọ̀, ó sì ń kán láràárọ̀. Omi ọ̀hún sì ń rùn.

FIDELIS: Màmá, ìyẹn nìkan ni ohun tó yé mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Èyí tó kẹ́yìn: ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí?

ÀLHÁJÀ: Ẹnìkan péré. Philip, yàrá kẹrin. Ó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó bá já lé e lórí.

FIDELIS: Láìṣẹ̀ láìrò!

ÀLHÁJÀ: Philip ò tilẹ̀ bínú, pásítọ̀ ni. Ó kó èyí tó já lé e lórí jáde, ó fi dáná, ó sì fi se ìrẹsì mìíràn.

FIDELIS: (Bírò dúró gbári lórí ìwé.) Pásítọ̀ fi aja dáná.

ÀLHÁJÀ: Ó ti gbẹ dáadáa. Ó jó fòò.

Fidelis pa fáìlì dé. Ó nu ojú. Ó tún ṣí fáìlì, ó sì fa ìwé òfin káńsù yọ nínú àpò rẹ̀.

FIDELIS: Màmá, ẹ̀ṣẹ̀ yín ti ju fọ́ọ̀mù lọ. Abala kẹrin, aja tó ju bó ṣe yẹ lọ. Abala karùn-ún, fífi ìyà jẹ aja: ayùn, ìṣó, ọ̀dà. Abala keje, jíjẹ́ kí aja já lé pásítọ̀ lórí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ò sí níbẹ̀, èmi ni mo máa fi kún un. Káńsù gbọ́dọ̀ wá gbé e lónìí yìí.

Àlhájà mú ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú.

ÀLHÁJÀ: Fidelis, ṣé o ní ìyá?

FIDELIS: Mo ní, Màmá.

ÀLHÁJÀ: Ọkọ mi, Bàbá Rekiat, ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ń fi ẹ̀yìn gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Àjà yẹn ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn sínú ilé yìí. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Á ní, "Mujeedat, ṣé o rí i bó ṣe gún?" Òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó bò mí lórí. Tí ẹ bá máa gbé nǹkan lọ, ẹ wá gbé mi. Ẹ fi àjà mi sílẹ̀.

FIDELIS: (Omijé ti ń bọ̀ lójú òun náà.) Màmá, mi ò rí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ aja tó báyìí rí. Ẹ jẹ́ kí n fojú kàn án. Tó bá jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́, màá wá ọ̀nà bá a kọ nǹkan rere. Ẹ pè é.

ÀLHÁJÀ: Kí n pe àjà?

FIDELIS: Ẹ súfèé sí i.

ÀLHÁJÀ: Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń súfèé sí àjà lọ. Ṣáà gbójú sókè. Ó wà lórí ẹ gan-an báyìí.

Fidelis ò gbójú sókè. Abẹ́ tábìlì ló gbà lọ, tòun ti fáìlì.

FIDELIS: Màmá! Ṣé ó ń wò mí?

ÀLHÁJÀ: Jáde níbẹ̀ jàre! Kí ni àjà fẹ́ fi ọ́ ṣe?

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ohùn kan jáde láti igun òkè: "Wóò!"

FIDELIS: Ó gbó!

ÀLHÁJÀ: Ọlọ́hun Ọba! Àjà mi fọhùn!

FIDELIS: Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó ń gbó!

ÀLHÁJÀ: Mo ní ó ti gbó! Mi ò ní ó ń gbó! Ọdún mẹ́tàlélógún, kò sọ "káàárọ̀" sí mi rí!

"Wóò! Wóò!" Àlhájà, tó ti ń ráhùn orúnkún láti ọdún tó kọjá, fò wọ abẹ́ tábìlì bí ọmọ ọdún méje. Àwọn méjèèjì wá ká jọ síbẹ̀, orí forí kan.

ÀLHÁJÀ: Kí lẹ ṣe sí i ní káńsù? Ṣé ìwé yín yẹn lẹ fi nǹkan sí?

FIDELIS: Màmá, aja ni! Gbogbo aja ló ń gbó!

ÀLHÁJÀ: Àjà tiyín ló ń gbó! Tèmi, pákó ni!

FIDELIS: Pákó. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mélòó ni aja yín ní?

ÀLHÁJÀ: Ẹsẹ̀ kẹ̀?

FIDELIS: Ìrù ńkọ́?

ÀLHÁJÀ: Ìrù lára àjà! Ọmọ yìí, ohun tí ò ń bi mí láti ìgbà tó o ti wọlé, fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi kí n rí i.

FIDELIS: (Ó ká ọwọ́ méjèèjì bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko, ó yọ ahọ́n jáde, ó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀, ó ń ju ìdí.) Èyí tó ń jẹ eegun. Èyí tó ń sáré tẹ̀ lé máṣíìnì.

ÀLHÁJÀ: Ajá! Fidelis, ajá lò ń pè ní àjà látàárọ̀?

FIDELIS: Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Aja.

ÀLHÁJÀ: Ìyẹn kọ́ lò ń sọ! Gbọ́ mi dáadáa. Àjà: òkè ló wà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Ajá: ilẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ lọ sókè. Pe ajá.

FIDELIS: Ájà.

ÀLHÁJÀ: Ìyẹn ò sí láyé.

FIDELIS: Ààjà.

ÀLHÁJÀ: Ìyẹn ni afẹ́fẹ́ líle tó ń yí po. Má pè é wá síbí, páànù mi ò dì tó bẹ́ẹ̀. Kí ló tilẹ̀ ṣe ẹni tó tẹ ìwé yẹn tí kò fi àmì sí i?

FIDELIS: Ọ̀gá wa ní àmì ń jẹ yínkì.

ÀLHÁJÀ: (Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì láti ìsàlẹ̀.) Ó ń jẹ yínkì! Ó ti jẹ mí ní oorun ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé àjà mi ò wá nílò ìwé àṣẹ kankan báyìí?

FIDELIS: Kò nílò kankan, Màmá. Àjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ka wa.

ÀLHÁJÀ: Bàbá Rekiat, ṣé o gbọ́? Wọn ò gbé e mọ́.

Ó mí kanlẹ̀. Fidelis náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú àwọn méjèèjì tún ṣe mẹ́rin.

FIDELIS: Màmá. Tí àjà kì í bá gbó, kí ló wá gbó?

Kí Àlhájà tó dáhùn, igun tó ti gbó jù yẹn dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó là, èérún pákó tú dànù, ajá kékeré kan sì balẹ̀ gbì sórí tábìlì. Ajá pupa rúsúrúsú ni, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì dùbúlẹ̀. Ó gbọn eruku nù, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì.

FIDELIS: Yé! Yé! Yé! Màmá, ẹ gbà mí!

ÀLHÁJÀ: (Ó ti jáde, ó ń wo ihò tó wà lókè.) Orí petẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbẹ́ wa ló gbà wọ abẹ́ páànù! Ọ̀sẹ̀ méjì! Ìtọ̀ ajá ló ń kán sórí ẹní tí mo fi ń kírun!

FIDELIS: Màmá, ó ń bọ̀! Lọ síbẹ̀ yẹn! Gbà! Gbà, jẹ èyí, má jẹ mí!

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì ń ju oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sí i: búrẹ́dì, àkàrà kan, àkàrà kejì, títí dé ìkẹrin. Ajá náà jẹ gbogbo rẹ̀, ó lá ọ̀rá tó kù nínú bébà, ó wá fi àgbọ̀n lé orí bàtà Fidelis. Nígbà tí Fidelis rí i pé ẹsẹ̀ òun ṣì pé méjì, ó rọra jáde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì tún di òṣìṣẹ́ ìjọba.

FIDELIS: Ẹ̀n-ẹ́n. Òfin ni òfin. Inú ilé yín la ti bá aja yìí, kò sì ní ìwé àṣẹ. Ẹ wá buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Èmi? Tí eku bá ń gbé inú àjà mi, ṣé èmi ni mo bí i ni? Òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Kà á kí n gbọ́.

FIDELIS: Kò le rárá. (Ó ṣí ìwé, ó gbé ohùn sókè.) Abala kẹsàn-án! "Ẹnikẹ́ni tí a bá rí tó fún ajá ní oúnjẹ, tí ajá náà sì ń tẹ̀ lé e..." (Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.) "...òun ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí..."

ÀLHÁJÀ: Mi ò gbọ́ ìparí ẹ̀.

FIDELIS: Ibi tó kù ti pa rẹ́.

ÀLHÁJÀ: Àkàrà ta ló jẹ?

FIDELIS: Mi ò fún un, Màmá, mo jù ú ni!

ÀLHÁJÀ: Rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Fidelis rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ajá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó yà sí ìdí fèrèsé, ajá yà sí ìdí fèrèsé. Ó sáré yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì, ajá rò pé eré ni, ó sì gba ẹ̀yìn wá pàdé rẹ̀. Nígbà tó gun orí àga, ajá jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń dúró dè é.

FIDELIS: (Lórí àga.) Màmá, èmi ni mo ń fún àwọn èèyàn níwèé àṣẹ!

ÀLHÁJÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ kó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

FIDELIS: Tí mi ò bá wá gbà ńkọ́?

ÀLHÁJÀ: A jẹ́ pé wàá mú ara rẹ lọ sí ilé-ẹjọ́ nìyẹn. Kó o rọra di ara rẹ mú o, kó má baà sá mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.

Fidelis ronú. Ó wo fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì. Ó wo aago. Ó ronú kan gọ́tà. Ó wá wo ajá náà lójú fún ìgbà àkọ́kọ́, ajá sì gbọn etí tó dúró sí i.

FIDELIS: Fọ́ọ̀mù kan náà ni mo ń wá.

ÀLHÁJÀ: Sọ̀ kalẹ̀. Èmi á béèrè, ìwọ á kọ. (Ó fi awò sójú, ó mú fọ́ọ̀mù tuntun.) Orúkọ olówó ajá?

FIDELIS: Fidelis.

ÀLHÁJÀ: Ajá mélòó?

FIDELIS: Ọ̀kan. Kò dé ẹ̀yìnkùlé.

ÀLHÁJÀ: Ó ti gba abẹ́rẹ́?

FIDELIS: Ọ̀la ló máa gbà á. Èmi náà á gba tèmi.

ÀLHÁJÀ: Ṣé ó ti ba nǹkan oníǹkan jẹ́?

FIDELIS: (Ó gbójú sókè wo ihò, ó ṣí ìwé òfin.) Abala kẹwàá. "Olówó ajá ni yóò tún ohun tí ajá bá bàjẹ́ ṣe." Màmá, mo ti dá ara mi lẹ́bi. Màá mú Timothy wá lọ́jọ́ Sátidé.

ÀLHÁJÀ: Kó mú ayùn dání. Orúkọ ajá?

FIDELIS: A ò tíì mọra tó bẹ́ẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Kọ "Àjà" síbẹ̀. Bó o bá ṣe wù kó o ṣì í pè, ó máa dáhùn.

FIDELIS: (Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.) Ajá! Àjà! Ájà!

Ajá ju ìrù sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fidelis rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i, ó tún tètè fà á padà, ó tún nà án. Ajá lá a lọ́wọ́. Fidelis pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò mọ́.

FIDELIS: Ó ku ìlà kan ṣoṣo, Màmá. "Iṣẹ́ tí ajá ń ṣe." Ọdẹ ni, àbí kí n kọ "aṣọ́lé"?

Àlhájà yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo èérún pákó tó kún orí tábìlì, ó wá wo ajá, tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga onítìmùtìmù rẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ káńsù ni. Ó wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó ba ilé jẹ́, ó jẹun yó, ó wá jókòó sórí àga mi, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀.